Ẹ̀yin onímọ́tò oníná, gíláàsì dúdú kọ́ ló ń lé oòrùn o!

Oòrùn Èkó kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú mọ́tò láti Pen Cinema l'Agége títí dé Ìkẹjà, ẹni tó wà nínú dáńfó ń làágùn, ẹni tó wà nínú jíìpù olówó ńlá náà ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé onídáńfó ṣí wíńdò sílẹ̀ gbàràgada, onìjíìpù ti tiẹ̀ pa, ó tan éésì. Nígbà tí epo bẹntiróòlù ṣì pọ́ọ́kú, ta ló ń ka iye tí éésì ń jẹ? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí líítà kan sì fò láti nǹkan bíi N190 lọ sún mọ́ N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo mọ́tò oníná.

Mọ́tò oníná kì í sì í ṣe ìtàn òkè òkun mọ́. Oṣù kejì ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde ní Nàìjíríà níbí, tí wọ́n sọ pé tí bátìrì ẹ̀ bá kún dáadáa, ó lè rin nǹkan bíi kìlómítà 482. Ní 2023, iléeṣẹ́ Oando àti LAMATA gbé bọ́ọ̀sì oníná sójú títì. Nígbà tó di 2024, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n yọ owó orí VAT kúrò lórí mọ́tò oníná. Kò mu epo, kò pariwo, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ bíi ológbò tó rí ẹja. Ẹni tó bá sì ti rí owó ra irú ẹ̀, kò ní í pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ gíláàsì á fi délẹ̀, nítorí pé mọ́tò olówó iyebíye kì í dùn ún wà nínú oòrùn tí gbogbo èèyàn á máa yọjú wò ó.

Ẹ lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti ń lẹ tíńtì, ẹ óò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí:

“Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó dúdú bí èédú sí i fún yín. Eṣinṣin ò ní í rí yín nínú ẹ̀.”

“Ṣé ó ń dènà ooru ṣá, àbúrò?”

“Háà, ọ̀gá! Bó bá ṣe dúdú tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa tutù tó. Ẹ̀yin ẹ sá fọkàn balẹ̀.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àbúrò yẹn ò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, torí bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe sọ fún un náà nìyẹn. Àmọ́ irọ́ ni. Dúdú gíláàsì lọ́tọ̀, lílé ooru lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì san owó dúdú, tó rò pé òun san owó ìtutù, ìyà méjì ló máa jẹ ẹ́: ooru á wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọlọ́pàá á tún máa dá a dúró lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ohun tó ń ti ojú oòrùn wá bá wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Apá kejì ni ìtànṣán tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet, tí kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ òun ló ń ba awọ ara jẹ́, tó sì ń mú kí àwọ̀ ìjókòó mọ́tò ṣá. Apá kẹta ni infrared, tí ojú ò lè rí, àmọ́ tí ara ń mọ̀ ọ́n lára gẹ́gẹ́ bí ooru. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò tó ìdajì gbogbo agbára oòrùn yìí. Infrared nìkan ń lọ sí nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà, kódà bí èèyàn bá rí tíńtì tó dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ pátá, tí inú mọ́tò ṣókùnkùn bí inú àjà, tí tíńtì náà ò bá mọ nǹkan kan ṣe sí infrared, nǹkan bí ìdajì oòrùn ṣì ráyè wọlé nìyẹn. Ojú ò rí i ni, ara rí i.

Ọ̀rá tíńtì sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì rọ̀ lówó jù, ni èyí tí wọ́n kàn rẹ bí ẹní rẹ àdìrẹ. Aró lásán ni. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gba ooru mọ́ra, tí gíláàsì fúnra ẹ̀ á gbóná, tí á wá máa mí ooru náà sára àwọn tó wà nínú mọ́tò. Tí oòrùn bá nà án fúngbà díẹ̀, aró ẹ̀ á ṣá, á di àwọ̀ àlùkò, á sì máa wú róró bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn mọ́tò àtijọ́ l'Ágége Motor Road, ẹ óò rí i. Irú kejì ni èyí tí wọ́n fi irin lẹ́búlẹ́bú sí. Ìyẹn ń dá ooru padà dáadáa, àmọ́ irin ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá: bó ṣe ń dá oòrùn padà náà ló lè máa da nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àti ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà láàmú. Irú kẹta ni ti kábọ́ọ̀nù, tó sàn ju aró lọ, tí kì í sì í ṣá bọ̀rọ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì ni ìkẹrin. Sẹ̀rámíìkì yìí kan náà ni ìdílé tí àwo tánganran ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan nínú ẹ̀, wọ́n wá pò ó mọ́ ọ̀rá. Iṣẹ́ tí àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń mú infrared, wọ́n ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran kọjá. Kò sí irin tó ń gbé iná nínú ẹ̀, nítorí náà kì í bá fóònù jà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá sẹ̀rámíìkì tó mọ́ kedere fi lè lé ooru ju èyí tí wọ́n fi aró rẹ tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò lọ. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rá gíláàsì, ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ ṣe é ni láti dín ooru oòrùn kù nínú ilé, kì í ṣe láti fi olówó pamọ́.

Kí ló wá kan mọ́tò oníná nínú ọ̀rọ̀ yìí ju mọ́tò elépo lọ? Bátìrì ni. Nínú mọ́tò oníná, bátìrì kan náà tó ń yí táyà ló ń tan éésì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà. Bátìrì Kona tó jáde ní 2021 yẹn ń gba yúnìítì iná 64, irú yúnìítì tí a ń rà sínú mítà ilé yìí náà. Tí a bá pín kìlómítà 482 sí 64, yúnìítì kan ń gbé mọ́tò náà rin bíi kìlómítà méje ààbọ̀. Éésì mọ́tò nínú ooru tó mú lè jẹ nǹkan bíi yúnìítì kan sí méjì láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá jókòó wákàtí méjì nínú gosiló ti fi yúnìítì méjì sí mẹ́rin fẹ́ ara ẹ̀ létí nìyẹn, ìyẹn ìrìn kìlómítà 15 sí 30. Ẹni tó ń gbé l'Agége tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọba Àkran mọ̀ pé kìlómítà 15 yẹn ju àlọ àti àbọ̀ òun lọ.

Owó ẹ̀ kọ́ ló pọ̀. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè ní oṣù kẹrin 2024, N225 ni yúnìítì kan. Yúnìítì mẹ́rin ò ju N900 lọ. Ohun tó ń dun onímọ́tò oníná ni pé ilé epo wà ní gbogbo oríta, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn á ti cháàjì kò wà ní gbogbo oríta. Ẹni tí epo rẹ̀ tán lè ra epo sínú kéègì. Kò sẹ́ni tó ń ra iná sínú kéègì. Torí náà, yúnìítì tí ooru bá jẹ lójú ọ̀nà, yúnìítì tó lè gbéni délé ni. Tíńtì tó dára kì í sọ éésì di ohun tí a ò nílò mọ́ o, nítorí atẹ́gùn gbígbóná àti ọ̀rinrin Èkó ṣì wà níta. Àmọ́ ó ń gbé díẹ̀ kúrò lórí ẹrù tí éésì ń rù.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká wá sọ ti òfin, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Òfin tó de gíláàsì dúdú ti wà láti ọdún 1991, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida. Ohun tó sọ, ká tú u sí èdè tó yéni, ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kun gíláàsì mọ́tò, ì báà fẹ́lẹ́, ì báà nípọn, tàbí kó ṣe é lọ́nàkọnà débi pé èèyàn tàbí ẹrù tó wà nínú mọ́tò ò ní í hàn síta, àfi tó bá gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá tàbí ẹni tí ọ̀gá náà yàn, lórí ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí ìlera tàbí ààbò. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn N2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ní 1991, N2,000 lè mú kí ọkùnrin lọ tọrọ owó lọ́wọ́ àna ẹ̀. Ní 2025, kò tó ra líítà epo mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà kò dín kù. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 náà tún sọ pé gíláàsì gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, àti pé mọ́tò tó bá gbé gíláàsì dúdú wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé “bí mo ṣe rà á ló ṣe wá nìyẹn,” ẹnu ẹ̀ ò ká òfin yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i ní 2025. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà náà, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, ṣí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn á ti máa gba ìwé àṣẹ tíńtì. Wọ́n ní àwọn ajínigbé àti adigunjalè ń fi gíláàsì dúdú bojú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn, wọ́n sún un sí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ìyẹn NBA, ti gbé ọlọ́pàá lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, wọ́n ń bèèrè pé ṣé òfin tí ológun ṣe yìí bá òfin ilẹ̀ wa mu, àti pé owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwé náà ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá náà ni ọlọ́pàá ní àwọn dáwọ́ dúró ná. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún kéde pé láti ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2026 làwọn á tún bẹ̀rẹ̀. Àárín kóòtù àti ọlọ́pàá lọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ tó ń bọ̀ bí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ tíńtì, kó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ dé lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn kan á ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, dúdú yẹn dára fún ààbò.” Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàsọ lásán. Obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, tó há sínú họ́ọ̀dọ́ọ̀pù, tó gbé báàgì àti fóònù sórí ìjókòó, kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ìta máa ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n báàgì tó wà nílẹ̀ abẹ́ ìjókòó kò nílò tíńtì kó tó pamọ́. Dúdú náà sì ń ṣiṣẹ́ fún tọ̀túntòsì: tí aburú bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó wà níta tó máa rí i kó figbe ta. Lálẹ́ pàápàá, lójú ọ̀nà tí iná òpó ti kú, gíláàsì 5% ń sọ ọlọ́kadà tí kò tan iná di òjìji lásán. Ọ̀pọ̀ ọkàn ló wà lórí ìrìn báyẹn.

Kí lẹni tó gbọ́n á wá ṣe? Kó kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà ara ọ̀rá túmọ̀ sí. 70% túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀, àádọ́rin ń kọjá. 5% túmọ̀ sí pé márùn-ún péré ló ń kọjá. Bí nọ́ńbà ṣe kéré tó ni gíláàsì ṣe dúdú tó. Ẹ má sì gbàgbé pé gíláàsì mọ́tò fúnra ẹ̀ ti ń mú díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kó tó di pé a lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Tí gíláàsì bá ń jẹ́ kí 75% kọjá, tí a wá lẹ ọ̀rá 50% mọ́ ọn, kì í ṣe 50% ló kù, bíi 37% ni. Tí ọ̀rá náà bá jẹ́ 70%, ó ṣì kù bíi 52%, èèyàn sì máa hàn nínú mọ́tò dáadáa. Ohun tí òfin 1991 yẹn bínú sí gan-an ni pé kí èèyàn má hàn.

Lẹ́yìn náà, kó bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè tó lójú: “Àbúrò, TSER ẹ̀ ńkọ́?” TSER yìí ni àpapọ̀ agbára oòrùn tí ọ̀rá náà lé padà, ìmọ́lẹ̀, infrared àti ultraviolet lápapọ̀. Àwọn tó ń tajà fẹ́ràn láti máa pariwo pé ọ̀rá àwọn ń lé infrared 97% tàbí 99%. Ó lè jẹ́ òótọ́ díẹ̀, torí nígbà míì apá kékeré kan lára infrared ni wọ́n wọ̀n, infrared náà ò sì ju bí ìdajì oòrùn lọ. Nọ́ńbà TSER ni kò ní àbùmọ́. Tí wọ́n bá tan gílóòbù gbígbóná sí i fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má torí ìyẹn sanwó. Gílóòbù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì infrared, ibi tí ọ̀rá náà ti lágbára jù ni wọ́n fi ń hàn yín. Ẹ gba àpẹẹrẹ ọ̀rá méjì, ẹ jáde sínú oòrùn aago kan ọ̀sán, ẹ nawọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kì í purọ́.

Ó tún yẹ kéèyàn mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. L'Ékòó tiwa yìí, oòrùn ọ̀sán ń dúró ní àtàrí ni. Nítorí náà, gíláàsì iwájú tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti òrùlé onígíláàsì tó wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ló ń gba ooru jù, kì í ṣe wíńdò ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ẹni tó lẹ dúdú mọ́ ẹ̀gbẹ́, tó fi òrùlé sílẹ̀ lásán, ilẹ̀kùn ló tì, ó ṣí wíńdò fólè. Ọ̀rá sẹ̀rámíìkì tó mọ́ jù lọ ló yẹ kó lọ síwájú, kí wọ́n sì yẹra fún ojú kámẹ́rà tó ń bá mọ́tò ríran. Kí oníṣẹ́ kọ irú ọ̀rá àti nọ́ńbà ẹ̀ sínú rìsíìtì, kí rìsíìtì náà sì máa wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí òfin bá ní kéèyàn gbà. Ọlọ́pàá tó wà lójú títì ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lápò, ojú ẹ̀ ló fi ń dájọ́. Ojú náà ló yẹ kó rí yín.

Àwọn nǹkan míì wà tí kò gba owó púpọ̀. Kí èèyàn gbé páálí tó ń dán sí iwájú gíláàsì tó bá páàkì síwájú iléeṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tan éésì. Bí mọ́tò oníná bá sì wà lórí cháájì, kó tan éésì kó tó yọ wáyà, kó lè jẹ́ iná ilé ló máa kọ́kọ́ mú inú mọ́tò tutù, kì í ṣe bátìrì.

Ẹni tó ra mọ́tò oníná ti fi owó sọ pé òun fẹ́ lo nǹkan tuntun. Kí onítọ̀hún má wá fi èrò àtijọ́ lẹ gíláàsì ẹ̀, kó má baà fi owó ooru ra ẹjọ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń sá fún oòrùn náà, ó yẹ ká máa ríran, kí àwọn ẹlòmíì sì máa rí wa.